Etí Alfa Nínú Agolo Tùràrí

"Ta ló gbé etí Alfa? Mo ní ta ló gbé e? Orí ẹní yìí ni mo gbé e lé, kò hu ìyẹ́ tó fi máa fò lọ! Ẹni tó bá gbé e kó yáa gbé e jáde, kó má jẹ́ kí n fi ẹnu ààwẹ̀ ṣépè!"

Lùbàbà, ìyàwó Alfa, ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní àgbàlá wa ní Moshie Zongo nílẹ̀ Àṣáńtì, lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ tó kọjá yìí. Gbogbo ilé sáré jáde. Èmi náà sáré jáde, ohùn tèmi ló sì ròkè jù. Mo ní, "Ìwọ Lùbàbà, ta lò ń bú? Ìwọ tí ọkọ rẹ gbé nǹkan lé lọ́wọ́ lo tún wá ń bi wá? Ṣé àwa ni ìyàwó rẹ̀ ni?" Ó ní, "Ìyá Nàfíù, ẹ má bínú, mi ò bú yín o." Mo ní, "O bú mi! O bú gbogbo ilé!" Bí mo ṣe ń là á mọ́ ọn lórí bẹ́ẹ̀, etí Alfa wà ní ìbàdí mi, níbi tí mo ti so ìró, ó ń gún mi níkùn.

Èmi ni mo gbé e. Èmi Sàwúdátù, ọmọ Alfa Bákàrè ará Ìlọrin, tí ń ta tùràrí àti làálì ní ọjà Kejetia, tí ẹ̀yin obìnrin àsàlátù máa ń pè ní Ìyá Alfa. Ó tó gẹ́ẹ́. Òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí, ẹnu tèmi ló sì yẹ kó ti jáde. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé lọ́jọ́ tí mo bá sọ ọ́, ilẹ̀ á lanu, á gbé mi mì. Ilẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ara mi fúyẹ́ ni, bí ẹni tí wọ́n bá sọ àpò símẹ́ǹtì kalẹ̀ lórí. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ọ káàkiri, kálukú ń fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu olè fúnra rẹ̀. N kò lọ sílé ìwé òyìnbó kankan, ara páálí ọṣẹ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, torí náà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́. Ẹni tí kò bá bá lára mu, kó gbé e fún ẹlòmíràn.

Àbúrò mi ni Alfa Àbdùssàlàm, ọmọ ìyá mi, ẹ̀yìn mi ló dàgbà sí. Òun ló ń ṣe tafsírù lóṣù ààwẹ̀ ní mọ́sálásí àwa Yorùbá, Nàfíù ọmọ mi sì ni ajánásì rẹ̀. Ẹ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí: ajánásì á ka ẹsẹ Kùránì, mùfásírù á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á túmọ̀ rẹ̀ fún ìjọ. Bí mùfásírù kò bá gbọ́ ohun tí ajánásì kà, kí ló fẹ́ túmọ̀? Nígbà ọyẹ́ ọdún kan ni sánkáráù mú Alfa, àìsàn tí ń mú ọrùn ènìyàn le bí igi yẹn. A ti ń sunkún rẹ̀ bí òkú kó tó ṣíjú. Ó yè é o, àmọ́ etí rẹ̀ méjèèjì lọ. A pariwo, a lu agbada, òfo. Ìyẹn ì bá sì sàn. Bí ìta ṣe dákẹ́ fún un ni inú orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, tọ̀sán tòru, kò sinmi. Ó sọ fún mi pé, "Ìyá Nàfíù, ẹ mọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá pákó ní Anloga Junction? Wọ́n gbé e sí mi lórí, wọ́n tan án, ẹni tó tan án wá ti ilẹ̀kùn, ó lọ sílé." A kán òróró àyúù sí i létí. Ó mu hàǹtú, omi tí wọ́n fi fọ wàláà, títí eyín rẹ̀ fi dúdú. Málàmù kan ní àlùjànnú ló ń ṣe síkírì níbẹ̀, mo ní kí àlùjànnú náà lọ máa ṣe síkírì rẹ̀ nílé ìyá rẹ̀. Ariwo kò lọ.

Nígbà tí Alfa kò lè jókòó níwájú ìjọ mọ́, Nàfíù ni wọ́n fi síbẹ̀. Ẹ̀yin náà rí mi nígbà yẹn. Ṣé mo ń fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀? Wọ́n ń kí mi ní Kejetia láti ìsọ̀ òkè dé ìsọ̀ ìsàlẹ̀: Ìyá Alfa, ẹ kú ìkàlẹ̀, Ìyá Alfa, ẹ gbàdúrà fún wa. Èmi tí wọ́n ti ń pè ní aláriwo láti ìgbà èwe mi, mo wá di ẹni tí wọ́n ń fún ní àyè jókòó níwájú. Ó dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ, ibẹ̀ ni ìbàjẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀, àwọn dókítà ilé ìwòsàn ńlá kan ní àwọn lè gbin ẹ̀rọ sí Alfa nínú etí. Ìjọ dáwó, èmi náà dá tèmi, n kò ní purọ́ mọ́ ara mi. Wọ́n la ẹ̀yìn etí rẹ̀, wọ́n ti okùn tín-ín-rín kan wọ inú lọ́hùn-ún, wọ́n rán an. Nígbà tí egbò jinná, wọ́n wá fún un ní èyí tó ń gbé ìta. Apá kan rẹ̀ kọ́ sí ẹ̀yìn etí, apá kejì rí róbótó bí ìdérí ìgò, òòfà ló fi ń lẹ̀ mọ́ orí. Ìyẹn ni gbogbo ilé ń pè ní etí Alfa. Bí kò bá sí ti ìta yìí lórí rẹ̀, ti inú kò lè dá nǹkan kan ṣe. Èmi àti Lùbàbà la jókòó tì í lọ́jọ́ tí wọ́n tan án. Ohùn wa kò dùn mọ́ ọn rárá. Ó ní bí ẹyẹ tó wà nínú agolo la ṣe ń ké. Mo ní, "Ẹyẹ wo? Èmi?" Lùbàbà ń rẹ́rìn-ín. Kí a tó mọ̀, ó gbé ọwọ́ sókè pé ká dúró. Ó tẹ́tí. Omi lé ròrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Ó ti dákẹ́." Mo ní kí ló dákẹ́. Ó ní, "Ẹ̀rọ pákó. Wọ́n ti pa á." Ó sì forí kanlẹ̀ ní sùjúdù lórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn, àwọn nọ́ọ̀sì ń wò ó. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, ẹkún òótọ́. Ẹni tó sun ẹkún òótọ́ yẹn náà ló wá jí i gbé.

Lùbàbà ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ gbígbọ́. Ojoojúmọ́ ló ń jókòó tì í, á pe ọ̀rọ̀, Alfa á tún un pè. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò mọ ìyàtọ̀ ewúrẹ́ sí ọmọdé tó ń ké. Díẹ̀díẹ̀, ó mọ ohùn mi, ó mọ ti ọkọ̀ trotro, ó mọ ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, Nàfíù á dúró sẹ́yìn aṣọ ìkélé kó má baà rí ètè rẹ̀, á ka Kùránì, Alfa á sì túmọ̀ rẹ̀ láìṣe àṣìṣe. Àwọn àgbààgbà mọ́sálásí bá ní kó padà sórí ìjókòó rẹ̀ lóṣù ààwẹ̀ tó kọjá yìí. Nàfíù fò sókè, ó ń pariwo Àlùhámúdù lílááhì. Mo wò ó, mo ní nínú ọkàn mi pé ọmọ tí mo bí yìí gọ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe ṣe é. Ẹ mọ̀ pé kò sí àlùwàlá tí a kì í fi omi pa etí, ẹ̀rọ yẹn kò sì gbọdọ̀ rí omi. Torí náà, ìgbàkígbà tí Alfa bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, á yọ ọ́. Lùbàbà á tẹ́ áńkáṣíìfù sí àtẹ́lẹwọ́, á gbà á, á dúró gangan títí ọkọ rẹ̀ á fi parí, á nù ún létí, á wá dá a padà fún un. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo máa ń pè é ní ọlọ́pàá etí. Nígbà tí Alásárì ọjọ́ yẹn kù díẹ̀, ọlọ́pàá etí ń dúró lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ni kókó tó gbé kaná fún ìṣínu bá hó dà sórí iná. Ó gbé etí náà àti áńkáṣíìfù lé orí ẹní, ó sáré wọ ilé ìdáná. Alfa kọjú sí ògiri, búta lọ́wọ́, ó ń bomi sí ẹsẹ̀. Bí mo bá kọrin lẹ́yìn rẹ̀, kò lè gbọ́. Mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní náà. Mo rìn dé ẹnu ọ̀nà. Mo padà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ pé Ṣàítánì ló tì mí. Kò sí ẹni tó tì mí. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn, ọwọ́ mi ni mo fi gbé e.

Wọ́n wá a títí ìrun fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ìjọ ti kún, Nàfíù ló tún gun orí ìjókòó. Mo wà láàárín ẹ̀yin obìnrin, ohùn ọmọ mi ń dún nínú gbohùngbohùn, mo ń mi orí. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé etí Alfa lọ sí ìsọ̀ mi ní Kejetia, mo rì í sí ìdí agolo tùràrí ńlá tó wà lẹ́yìn. Mo sọ fún ara mi pé ààwẹ̀ yìí nìkan ni, pé ó ti dití rí, kò pa á. Wọ́n bi ilé ìwòsàn léèrè, wọ́n ní òmíràn á ti ìlú òyìnbó wá, kò sì ní í yá. Ara tù mí. Wàláì, ohun tí n kò mọ̀ ni pé kì í ṣe ìgbọ́ràn nìkan ni mo jí. Bí Alfa bá ti yọ etí yẹn, ariwo á padà. Lóru, ó máa ń fara dà á títí oorun á fi gbé e lọ, Lùbàbà nìkan ló sì sọ fún.

Kwadwo ló jẹ́ kí n mọ̀. Káfíńtà Àṣáńtì ni, Anloga Junction ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló kan ìjókòó ìwáàsí mọ́sálásí wa. Ó di Alfa mú lápá wọlé, lẹ́búlẹ́bú pákó bo láwàní Alfa. Ó ní, "Maame, hwɛ wo nua no! Ẹ wo àbúrò yín!" Twi, èdè wọn, ló fi rojọ́ náà: Alfa wá sí ṣọ́ọ̀bù, kò kí ẹnikẹ́ni, ó lọ gbé iwájú orí lé tábìlì ẹ̀rọ tí ń fá pákó, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. "Mo pè é, pè é, kò gbọ́. Bí mi ò bá fà á lẹ́wù, ojú ẹ̀rọ ì bá ti gbé e wọlé." Alfa jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ti ìta lè bo ti inú mọ́lẹ̀ ni. Ó ti padà, Ìyá Nàfíù. Láti ọjọ́ tí etí ti sọnù ni. N kò fẹ́ dẹ́rù bà yín."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sáré lọ sí Kejetia, kí n lọ tú agolo náà sílẹ̀. Mo ti mọ̀ báyìí. N kò lè sọ pé n kò mọ̀. Ohun tí mo ṣe ni mo fẹ́ sọ yìí, kò sí èyí tó burú tó o nínú gbogbo rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá Àúdù, àbúrò bàbá wa, pe gbogbo ilé jọ. Lùbàbà ń sunkún, ó ń búra pé orí ẹní lòun gbé e lé. Bàbá Àúdù bá ní, "Ó dáa, àwọn wo ló wà ní àgbàlá nígbà náà?" Mo rí i tí ojú ń yí bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Láti ìgbà tí Alfa ti dití, wàláà bàbá wa la fi ń bá a sọ̀rọ̀, wàláà tí gbogbo wa fi kọ́ alífà. Mo fà á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo bu tàdáwà, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Lùbàbà ló sọ ọ́ nù, ó ti jẹ́wọ́ fún mi. Orí igi tí a ń kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí! Mo gbé e sí iwájú Alfa. Ó kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ilé, ó gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Lùbàbà, òótọ́ ni?" Ẹnu Lùbàbà ń lọ, Alfa kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Lùbàbà na ọwọ́ sí wàláà kó kọ tirẹ̀. Mo gbé e kúrò níwájú rẹ̀. Mo ní kó má fi omijé ba wàláà bàbá mi jẹ́. Mo gbé e lọ síbi omi, mo fọ̀ ọ́ nù.

Wọ́n ní kí Lùbàbà lọ sinmi nílé bàbá rẹ̀ ní Aboabo títí ọkàn á fi rọ̀. Ó di ẹrù rẹ̀ nínú ààwẹ̀, ó gbé e rù, àwọn aládùúgbò ń yọjú lójú fèrèsé. Èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Mo rò pé ó parí. Nàfíù kò jẹ́ kó parí. Bó bá ti ti tafsírù dé, á jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún wá etí náà nínú ilé yìí. Ìjókòó yẹn kò bá mi lára mu. Ohun tí Alfa kọ́ mi ni mo ń tún sọ, ó sì ti ń tán lọ." Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé, kó lọ jẹun. Ààwẹ̀ ti ń lọ sópin lọ́jọ́ tí mo gbé ìṣínu lọ fún Alfa. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Kò wo oúnjẹ. Ó ní, "Ìyá Nàfíù, n kò lè jókòó síbẹ̀ mọ́ láyé. Ẹ sọ fún Nàfíù pé èmi ni mo fún un o, tọkàntọkàn, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó gba ipò adití." Ó tú láwàní orí rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó gbé e lé mi nítan. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ jalè, ó gbé e fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Mo sọ̀rọ̀, mo rántí pé kò lè gbọ́ mi, èmi ni mo sì fà á.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo dé Kejetia kí àwọn awakọ̀ trotro tó máa pe èrò. Mo da tùràrí sílẹ̀, olówó gọbọi, n kò wò ó. Mo nu etí náà mọ́, mo ra bátìrì tuntun. Mo rán Nàfíù sí Aboabo kó lọ mú Lùbàbà wá, mo ní kí Bàbá Àúdù jókòó, kí gbogbo ilé jáde sí àgbàlá. Mo fi etí náà sí Alfa lọ́wọ́. Ó kọ́ ọ sí ẹ̀yìn etí, òòfà gbá a mú. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ò rí ojú ọkùnrin yẹn. Èjìká rẹ̀ tó ti ká sókè láti ọjọ́ yìí wá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó ti dákẹ́." Gbogbo ilé ń ké Àláhù Àkùbárù. Alfa ní, "Níbo lẹ ti rí i?" Mo ní, "Nínú agolo tùràrí mi. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Èmi ni mo gbé e lórí ẹní, kí Nàfíù má baà kúrò lórí ìjókòó. Lùbàbà kò jẹ́wọ́ nǹkan kan fún mi. Irọ́ ni mo kọ sí wàláà." Bàbá Àúdù ní, "Sàwúdátù, ṣé orí rẹ pé?" Mo ní, "Ó pé, Bàbá. Nígbà tí mo gbé e náà, ó pé."

Nígbà yẹn gan-an ni ara mi fúyẹ́. N kò tíì mọ̀ bóyá wọ́n á lé mi jáde, ó ti fúyẹ́. Alfa wò mí títí. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, ó gbóòórùn ìka rẹ̀. Ó ní, "Abájọ tí orí mi fi ń ta sánsán bí ìyàwó tuntun." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹnì kan, òun náà bú sẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Mo ti yọ̀ǹda, Ìyá Nàfíù. Ẹ wo ìdákẹ́jẹ́ yìí. Níbo ni mo ti fẹ́ rí àyè ìbínú?" Nàfíù gba láwàní lọ́wọ́ mi, ó fúnra rẹ̀ wé e fún Alfa. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, òun ló kà, Alfa ló túmọ̀, mo sì jókòó sẹ́yìn pátápátá níbi bàtà, mo ń gbọ́ àwọn méjèèjì. N kò gbọ́ tafsírù tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́mọbìnrin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ọmọ yín pè yín títí ẹ fi máa gbàgbé tiyín. Ẹ má sì ti irọ́ wọ etí ẹni tí kò lè bi ẹlòmíràn léèrè. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ lónìí. Ó rọrùn ju kí ẹ máa gbé e kiri lọ.

Ṣùgbọ́n mo fo ohun kan, ẹ jẹ́ kí n padà síbẹ̀. Nígbà tí Alfa yọ̀ǹda fún mi tán ní àgbàlá, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Lùbàbà ṣì dúró ní ẹnu ọ̀nà, ẹrù rẹ̀ ṣì wà lórí. Èmi, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tí kì í kí mi láìkúnlẹ̀, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí yẹpẹ̀. Mo ní, "Lùbàbà, ìyàwó mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo fi ojú rẹ gbolẹ̀ níwájú bàbá rẹ. Torí Ọlọ́run, torí Ànábì, foríjì mí." Ó sọ ẹrù kalẹ̀. Kò yára. Ó ní, "Ìyá Nàfíù, ẹ dìde." Mo dìde. Ó ní, "Ẹ ká ìborùn yín kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú." Mo ká a kúrò. Ó ní, "Ẹ wò mí." Mo wò ó. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn dáadáa, ó sì gbá mi létí.